Wọ́n Gbé @ Wọ Ilé Ọnà, Àwa Ń Ju Àmì Tiwa Nù



Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo @ yìí. Ìgbín ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Ìrù ọ̀bọ ni àwọn Dutch ń pè é. Ní ọdún 2010, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi oníṣirò owó kò rẹ́rìn-ín, torí àwa la tọ́ ọ dàgbà.

Ní 1536, Francesco Lapi, oníṣòwò ará Florence, kọ ọ́ sínú lẹ́tà láti fi ṣe àmì òṣùwọ̀n wáìnì. Nígbà tó yá, àwọn akọ̀wé owó ń fi kọ iye ọjà: 10 @ £2, ìyẹn ni pé ọjà mẹ́wàá, £2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí Ray Tomlinson ń wá àmì fún í-meèlì ní 1971, ó bá a níbẹ̀. Ká ní àwọn akọ̀wé ti pa á tì ni, kì bá tí bá a.

Nítorí náà, ilé ọnà kọ́ ló gba @ là. Lílò ló gbà á là.

Tiwa wá ńkọ́? Àwọn òbí kan ń sọ pé, "Dọ́ọ̀tì abẹ́ lẹ́tà ò ṣe pàtàkì." Mi ò gbà! Bí mo bá yọ dọ́ọ̀tì kan kúrò nínú £25.50, £2550 ló dà, wọ́n á sì lé mi níbi iṣẹ́. Bí ọmọ yín bá yọ dọ́ọ̀tì kúrò lábẹ́ ọkọ, oko ló kù. Ṣé oko ni màmá rẹ̀ fẹ́ ni?

Èmi náà jẹ̀bi. Sola ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ilé ìwé ọmọbìnrin mi. Títí dòní, bí ẹni ń pe iná oòrùn ni wọ́n ń pè é. Ṣọlá ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ.

Ní 1875, àwọn àgbà ìjọ CMS jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù tí a fi ń tẹ @ lójoojúmọ́ lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Àwáwí wo ló kù?

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ orúkọ yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù tó kàn.

Ó dàbọ̀ o.