Ta ni wọ́n kà mọ́ Kétu?

Nínú ìkànìyàn ọdún 2013 ní Bẹ̀nẹ̀, Kútọnu ló ṣíwájú pẹ̀lú èèyàn 679,012. Abomey-Calavi tẹ̀ lé e: 656,358, tó ju ìlọ́po méjì iye rẹ̀ ní 2002 lọ. Kétu tiwa lé ní 150,000.

Inú wa dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìlú nìkan ni wọ́n kà. Gbogbo kọ̀múùnù ni: Idigny, Adakplamè, Kpankou, Odometa àti Okpometa wà níbẹ̀. Tí a bá ń fi iye yìí yangàn, kí a má gbàgbé wọn nígbà tí a bá ń pín omi, iná àti ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí a kà mọ́ wa gbọ́dọ̀ bá wa jẹ níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.