Ara Náà Ń Fẹ́ Àjẹṣẹ́kù

Oṣooṣù ni a máa ń ka ọ̀rọ̀ owó ìdákọ, ẹ̀yáwó àti èlé nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ara ni mo gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ owó rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tí ó ń tọ́jú owó tí kò tọ́jú ara, inú agbọ̀n ajádìí ni ó ń kó ẹrù sí. Mo sì fẹ́ fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ wa wò. Alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń pè wá, ìyẹn ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù de ọ̀la. Owó nìkan kọ́ ni ènìyàn lè jẹ tán, agbára náà a máa tán. Ẹ wo ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Yóò dáná, yóò wẹ ọmọ, yóò sáré bá ọkọ̀. Yóò jókòó sí ìsọ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́. Búrẹ́dì àti mínírà ni yóò fi tan ebi jẹ lọ́sàn-án. Nígbà tí ó bá délé, tí ó bá ti bójú tó iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, aago mẹ́wàá á ti lù. Ìgbà náà ni yóò wá gbé ẹ̀bà ràbàtà síwájú, tí yóò jẹ ẹ́ tán, tí yóò sì ṣubú lé ibùsùn. Bàbá náà ńkọ́? Inú ọkọ̀ ló wà láti àárọ̀ tàbí kó wà nídìí káńtà, ìjókòó ni tirẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì ń ná agbára lójoojúmọ́, wọn ò sì fi kọ́bọ̀ kan pamọ́ níbẹ̀.

Kí ló wá kan ẹgbẹ́? Ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba ẹ̀yáwó, a máa ń wo owó ìdákọ rẹ̀, a máa ń wo ìsọ̀ rẹ̀, a sì máa ń ní kí ó mú onídùúró wá. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí ni yóò san owó náà padà ní ti gidi? Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni náà ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ìlẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ènìyàn lè ní in fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orí má fọ́ ọ, kí ojú má kọ́ ọ, títí tí yóò fi di rọpárọsẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àtọ̀gbẹ náà ní irú ìwà jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni náà bá dùbúlẹ̀, ìsọ̀ á tì, owó ìdákọ á gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ, owó ilé-ìwé ọmọ á dúró, a ó sì wá ránṣẹ́ pe onídùúró. Kì í ṣe pé ẹni náà fẹ́ jẹ gbèsè. Ara ló kọ̀. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí a bá fọwọ́ sí ìwé fún ara wa, ìlera ara wa ni a ń ṣe onídùúró fún, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò kan ẹgbẹ́ bíi tiwa, kí ó rántí ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù December 1844, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ìlú Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní òpópó tí wọ́n ń pè ní Toad Lane. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ọkà óòtì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ohun tí ó ká wọn lára ni pé oúnjẹ wọ́n, àwọn oníṣòwò kan sì ń da àdàlù sí i. Oúnjẹ gidi ní òṣùwọ̀n tó pé ni wọ́n ń wá. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdí àpótí owó nìkan.

Àwọn kan á ní, “Ìyá wa àti ìyá ìyá wa kò ṣe eré ìdárayá kankan, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́.” Òótọ́ ni pé wọn kò pè é ní eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n alájàpá ayé ìgbà náà, ẹsẹ̀ ló fi ń rin láti ọjà dé ọjà, ẹrù sì wà lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ a máa rìn lọ sóko, a máa rìn bọ̀. Odó ni wọ́n fi ń gún iyán, ọlọ ni wọ́n fi ń lọ ata. Lónìí, màrúwá ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ ń lọ ata, ọmọ iṣẹ́ ń gbé ọjà sílẹ̀, àwa sì jókòó. Èmi ò ní kí a padà sídìí ọlọ. Mo kàn ń sọ pé iṣẹ́ tí ara ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Alábàárù tí ó ń ru àpò ìrẹsì káàkiri ọjà Bódìjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ní kó lọ máa sáré. Oúnjẹ gidi àti ìsinmi ni tirẹ̀. Àwa tí a jókòó ni mò ń bá wí.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó? Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú ọkàn lù kíákíá díẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó bẹ́ẹ̀: irú ìrìn tí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọrin. Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kí ó tó lè kà. Ní 2020 yìí wọ́n mú ìyẹn kúrò, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ náà ń kà. Ṣé ẹ rí i pé ìlànà èsúsú ni? Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ó di púpọ̀.

Oníṣòwò ni wá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú ọjà, tí a fi ìṣẹ́jú 10 rìn wọlé láàárọ̀, tí a sì fi ìṣẹ́jú 10 rìn jáde nírọ̀lẹ́, 20 nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́fà tí a ń ná ọjà, ó di 120. Ní ọjọ́ ìsinmi, kí bàbá àti ìyá kó àwọn ọmọ jáde nírọ̀lẹ́, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 30 rìn yí àdúgbò ká. Ó pé 150 géérégé, kò gba àkókò lọ́wọ́ ọjà, owó ọkọ̀ sì dínkù. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ta ni kò mọ ohun tí owó ọkọ̀ ń ṣe fún wa? Ibi tí ọ̀nà kò bá dára tàbí tí ilẹ̀ ti ṣú, kí ènìyàn má fi ẹ̀mí wéwu. Kí ó rìn yíká inú ọjà kí ó tó pa ìsọ̀ dé.

Ó wá ku oúnjẹ. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: “Àkókò wo la fẹ́ fi se ẹ̀fọ́?” Ìdáhùn mi ni àáró. Àwọn baba wa kì í dá oko ńlá ro. Wọ́n á bá ọ ro tìrẹ lónìí, ìwọ á bá wọn ro tiwọn lọ́la. Kí ló dé tí a kò lè ṣe àáró oúnjẹ nínú ọjà? Kí ìsọ̀ márùn-ún tí ó fara kanra kó ara wọn jọ. Kí ẹnì kan gbé oúnjẹ ọ̀sán ènìyàn márùn-ún wá lọ́jọ́ Ajé, kí ẹlòmíràn gbé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí yóò fi kárí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kálukú yóò se é, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ pẹ̀lú ẹja àti àmàlà tí kò pọ̀ jù, kí ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá jẹun gidi lọ́sàn-án kò ní máa wá ẹ̀bà ràbàtà ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó giramu 5, ìyẹn ni pé kó má kún ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágì sì wà nínú ìṣírò yẹn, ti inú nudúùsì àwọn ọmọ pẹ̀lú. Irú tí wọn kò da iyọ̀ sí yóò mú ọbẹ̀ ta sánsán láìjẹ́ pé a tú mágì mẹ́rin sí i. Ní ti mínírà, ìjọba gan-an ti rí i pé ó ń ṣe ìpalára. Òfin ìṣúná 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan. Omi tútù kò ní irú owó-orí bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní oúnjẹ gidi ti wọ́n jù. Òótọ́ ni pé ẹ̀wà gbówó lórí gidigidi ní 2024, èmi náà ra níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣírò owó mínírà, bísíkíìtì àti púff-púff tí ilé kan ń jẹ lọ́sẹ̀, ẹ wá wo iye ìdì ẹ̀fọ́ tí owó náà lè rà nírọ̀lẹ́ tí ọjà ń tú. Òmíràn á ní ara tí ó sanra ni ara olówó. Ọ̀rọ̀ àná nìyẹn. Ọlọ́jà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ìsọ̀ rẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, kí ni owó náà fẹ́ ṣe fún un?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo gbé ka iwájú ìgbìmọ̀ wa. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, kí a máa wọn ara wa kí ìpàdé oṣooṣù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, kí ó má bẹ̀rù, kí ó má sì dá oògùn rà. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tún un wọ̀n. Ọwọ́ ẹni náà ni kí ìwé rẹ̀ wà, kí ó má wọ ìwé ẹgbẹ́. A kò gbọdọ̀ fi du ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yáwó láéláé. Ọjọ́ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún na apá rẹ̀ fún wa mọ́.

Èkejì, kí a yọ mínírà àti míìtì-páì kúrò nínú ìpanu ìpàdé. Mọ́ínmọ́ín àti ọsàn ni kí a fi rọ́pò wọn, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń tà á. Ẹ̀kẹta, kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan dán àáró oúnjẹ wò fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì wá jábọ̀ ní ìpàdé.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ wa. Nínú ìlànà méje tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé fọwọ́ sí ní Manchester ní 1995, ìkarùn-ún ni ẹ̀kọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́, ìkeje sì ni àníyàn fún àwùjọ.

Ẹ̀yin bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín o. Bí ìyá ọmọ bá ń se oúnjẹ àáró lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ bá a bọ́ ẹ̀wà, ẹ bá a wẹ ọmọ. Kò sí àkókò nílé tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a jẹ èrè ohun tí a fi pamọ́, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí a fi wá a sì bá a dé alẹ́. Ẹ ó gbọ́ àbá yìí ní ìpàdé, ẹ má jókòó lé e o.

Èmi ni tiyín, ọmọ ẹgbẹ́ kan nínú ọjà.