Ìṣákọ́lẹ̀ Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Ti Lọ

Ẹnikẹ́ni tó bá gba oríta Challenge kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ní Ìbàdàn níbí yóò ti rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń pagbo yí tábìlì oníwèé ìròyìn ká. Wọn kì í sábà rà. Àkọlé iwájú ìwé ni wọ́n ń kà, àríyànjiyàn ni wọ́n sì ń gbé lọ sílé. Ibẹ̀ kò jìnnà sí pápá ìṣeré ńlá tí a kọ́ ní 1960, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Liberty kí ìjọba tó fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é ní 2010. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti tán lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló máa ń kù.

Èyí tí a bá lẹ́nu wọn láìpẹ́ yìí kì í ṣe ìjà tuntun. Bàbá kan tó dé fìlà abetí-ajá ló dá a sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọdé wọ̀nyí, ta ló gba ife Áfíríkà ti 1980 fún wa?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn pé, "Otto Glória ni, Bàbá." Bàbá mi orí. "Otto kórè ni. Father Tiko ló dá oko náà." Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò gbà. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Bí Tiko bá mọ oko dá tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò kórè ní 1976 àti ní 1978? Ẹni tó gbé ife sókè ni àwa mọ̀."

Kò sí èyí tí kò ní ìdí nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Bí a bá sì gbé e wá sí ojú ewé àṣà yìí dípò ojú ewé eré ìdárayá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Bí a ti í pín ọpẹ́ láàárín ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ẹni tó parí rẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí, àwọn baba wa sì ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ará Yugoslavia ni Tihomir Jelisavčić, ẹni tí ahọ́n wa kò lè pe orúkọ rẹ̀ tán tí a fi sọ ọ́ di Father Tiko. Ní 1974 ni ó gba ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, Green Eagles ayé ìgbà yẹn, sí ìkáwọ́, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí di 1978. Ní 1976, nígbà tí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Ethiopia, ipò kẹta ni a ṣe. Ní 1978, ní Gánà, ipò kẹta náà ni. Láàárín méjèèjì ni ọjọ́ burúkú kan wà, ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1977, tí Tunisia wá bá wa ní Sùúrùlérè, tí Godwin Odiye fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tiwa fúnra wa, tí góòlù kan ṣoṣo yẹn sì gba ààyè Ife Àgbáyé ti Argentina lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà náà ṣì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn òkú ọ̀fọ̀.

Tiko kúrò. Otto Glória dé láti Brazil ní 1979. Kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ló kó Portugal lọ sí Ife Àgbáyé ti 1966 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣe ipò kẹta. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ní Sùúrùlérè kan náà, Nàìjíríà na Algeria ní àmì ayò 3 sí 0. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ife náà yóò dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Ìbàdàn sì ní ìpín nínú ògo yẹn ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ti mọ̀ lọ. Ọdẹ́gbàmí, Lawal, Best Ogedegbe tó ṣọ́lé, àti Felix Owólàbí tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi lé Morocco padà kí a tó dé àṣekágbá, ẹgbẹ́ Shooting Stars tiwa ni wọ́n ti wá, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé òun náà ni ó kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà láàárín àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ní 1976. Liberty yìí ni Algeria, Morocco, Gánà àti Guinea ti gbá ìpele àkọ́kọ́ ti 1980, ibẹ̀ náà sì ni Gánà, tó gba ife ti 1978, ti já bọ́.

Wàyí o, ta ni àwọn tó wà lórí pápá ní ọjọ́ àṣekágbá? Christian Chukwu ni balógun wọn. Chukwu àti Lawal ti wà lọ́dọ̀ Tiko ní Ethiopia. Ọdẹ́gbàmí ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Gánà, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tí góòlù wọn pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó kọ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ Tiko ni ó wá dúró ṣinṣin ní Sùúrùlérè. Títí débí yìí, Bàbá onífìlà ló jàre.

Ṣùgbọ́n Henry Nwosu náà wà nínú ẹgbẹ́ 1980, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 17. Nígbà tí Tiko ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ọmọ iléèwé ni. Bí a bá ń wá ẹni tó gbìn ín, St. Finbarr's College ni kí a wá a lọ, iléèwé tí àlùfáà Denis Slattery, ọmọ Ireland, dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1956, tí bọ́ọ̀lù sì jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá lè mú ọmọdé bẹ́ẹ̀ wọ àárín àwọn àgbà ní ọdún tí gbogbo ìlú ń wo ojú rẹ̀, a kò lè sọ pé oko olóko nìkan ló wá kórè.

Kí wá ni àṣà wí? Bí àlejò bá tọ onílẹ̀ wá pé òun fẹ́ dáko, onílẹ̀ yóò mú un dé ojú ilẹ̀, yóò sì fi ààlà hàn án. Àlejò ni yóò kọ ebè, òun ni oòrùn yóò pa, òun ni yóò sì máa lé ẹyẹ. Nígbà tí ó bá kórè, tirẹ̀ ni iṣu. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni yóò gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ bá onílẹ̀: iṣu bíi mélòó kan, obì, ẹmu, tàbí owó nígbà tí owó kòkó dé. Kì í ṣe ìdajì oko, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Bí a bá gbé e lé ìwọ̀n, kò tó ohun tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ jà sí. Ohun tí ó ń wí fún onílẹ̀ ni pé, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti wà níbí kí n tó dé.

Àṣà yìí ní ojú méjì. Onílẹ̀ tó bá wọ inú oko àlejò rẹ̀ lọ, tó ń wa iṣu nítorí pé òun ló ni ilẹ̀, ìlú yóò bá a wí. Àlejò tí kò rí ìṣákọ́lẹ̀ san ní ọdún kan tí òjò kò rọ̀, a ó bá a bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá là á mọ́lẹ̀ pé òun kò mọ onílẹ̀ kankan rí, pé òun ni òun ni ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ìdájọ́ tí àwọn kóòtù ìjọba pàápàá sì ti tẹ̀ lé nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Àìsan kò burú tó sísẹ́.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ṣe onílẹ̀. Alágbàro ni, ó kọ ebè, ó gba owó rẹ̀, ó lọ, àṣà kò sì sọ pé kí a máa gbé iṣu tọ alágbàro lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, ó sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn mu. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ra àgbà agbábọ́ọ̀lù mẹ́wàá, tó tò wọ́n fún sáà kan, àgbàdo ló gbìn. Ọdún náà ni ó jẹ ẹ́, bí ó bá sì ti kúrò, pòròpórò ló kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá ọmọ kiri, tó kọ́ ọ, tó fi í sórí pápá nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là, tó fara da ìpàdánù pẹ̀lú rẹ̀, kòkó ni onítọ̀hún gbìn. Gbogbo ẹni tó bá ti dá oko kòkó rí ló mọ̀ pé kì í so ní ọdún tí a gbìn ín, àti pé ẹni tó gbìn ín ní ọ̀rọ̀ lára igi náà bí ilẹ̀ tilẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rin tí Tiko lò, àkókò kòkó ni. Nítorí náà, lójú tiwa, ìṣákọ́lẹ̀ tọ́ sí i lórí ife 1980 ní gbogbo ìgbà tí a bá dárúkọ ife náà. Iṣu jẹ́ ti Glória.

Ó ní ibi tí ọpẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ti í tán pẹ̀lú, bí ẹ̀bi rẹ̀ ti í tán. Ní ẹ̀gbẹ́ títì Challenge yìí, bí aránṣọ tó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ bá ba aṣọ ẹni jẹ́, a kì í gbé aṣọ náà tọ ọ̀gá lọ. Nígbà tí Green Eagles lọ sí Libya ní 1982 láti dáàbò bo ife wọn, tí wọn kò kọjá ìpele àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó ké pe Tiko. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ.

Ẹjọ́ kejì tún wà tó díjú ju èyí lọ. Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, dé ní 1989. Ó ṣe ipò kejì ní 1990, ipò kẹta ní 1992, ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia ní 1994, ó sì kó wa lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan náà. Ó lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1996, Jo Bonfrère, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló kó àwọn ọmọ wa gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Òlíḿpíìkì Atlanta. Okocha, Amokachi, Amuneke, Oliseh àti Ikpeba ti bá Westerhof lọ sí Amẹ́ríkà ní 1994. Kanu tó jẹ́ balógun wọn, Babayaro àti Oruma, Fanny Amun ló kó wọn lọ sí Japan ní 1993 tí wọ́n fi gba ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ. Oko olóko méjì ni Bonfrère bá nílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Brazil fi àmì ayò 3 sí 1 ṣáájú wa, tí a sì padà na wọ́n ní 4 sí 3, Bonfrère ló wà lórí àga, kì í ṣe Westerhof, kì í sì í ṣe Amun. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Amun ni a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí a bá ń sọ ìtàn wúrà yẹn, ọmọ ilé tó gbìn kòkó. Ní ti ìlérí, ilé tí ìjọba ṣèlérí fún ẹgbẹ́ 1994, ó ju 20 ọdún lọ kí ó tó tẹ àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè pàápàá ń jẹ gbèsè ìṣákọ́lẹ̀.

Kí ló wá kàn wá lónìí? Ó kàn wá nítorí pé nínú líìgì tiwa, ó ti di àṣà kí a lé akọ́nimọ̀ọ́gbá kí sáà tó pé ìdajì, kí ẹni tuntun sì bẹ̀rẹ̀ nípa síso gbogbo ohun tí ẹni àná ṣe dà nù. Bí ó bá yọrí sí rere, rédíò kì í rántí ẹni tó lọ. Bí kò bá yọrí, ẹni tó lọ ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ọlọ́gbọ́n kan kì í gbin kòkó sórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń sá tọ àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ti gbó, tí wọn kì í fẹ́ fi ọmọ ọdún 17 dán nǹkan wò, tí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ òfìfo lẹ́yìn ògiri pápá ìṣeré ńlá yìí kò fi rí ẹni tí yóò pè wọ́n wọlé. Olè jíjà ni bí ìlú bá sẹ́ ẹni tó gbìn, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a sì ń jà lólè.

Pápá ìṣeré ńlá méjì ni a fi ń yangàn ní Ìbàdàn. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀. Èkejì, ní Adámásingbà, ń jẹ́ orúkọ Lékan Sàlámì tó fi ara àti owó sin Shooting Stars. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, a kò bẹ̀ pé kí wọ́n yí i padà. Ohun tí a ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ni ògiri kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí a ó kọ orúkọ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sí, ọdún tí wọ́n dé àti ọdún tí wọ́n lọ, yálà wọ́n gba ife tàbí wọn kò gbà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá sì gba ife, tí gómìnà ń pín ẹ̀bùn, kí a tẹ́ àga kan fún ẹni tó ṣáájú, bí kò bá tíì ju ọdún mẹ́ta tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a sì pe olùkọ́ eré ìdárayá iléèwé tí àwọn ọmọ náà ti wá.

A sọ èyí fún Bàbá onífìlà nídìí tábìlì. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ka orúkọ, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn. Jos ni Ọdẹ́gbàmí ti lọ sí iléèwé girama, kí ó tó wá sí Polí Ìbàdàn, kí a lọ bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí i níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n oníwèé ìròyìn ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn díẹ̀, pé ẹnìkan dé tó fẹ́ ra ìwé.