Owó Ìwé Bọ́ọ̀lù Tí Mo Fi Ṣòfò

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n sọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá láìbéèrè lọ́wọ́ yín, bí wọ́n ti ṣe fún èmi náà, ìbéèrè yín ni pé irú ìwé àti fídíò wo ni ó yẹ kí a rà? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ná.

Níhìn-ín ní Ìlá-Ọ̀ràngún, àwọn òbí dáwó jọ kí n fi ra ìwé tí n ó fi kọ́ ọmọ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ìyá kan tí ó ń ta gààrí ni ó dá èyí tí ó pọ̀ jù. Mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, mo rí ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi dígí, mo sanwó, mo gbé e délé. Àṣé ọdún 1998 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́! Ó ní bí aṣọ́lé bá gbá bọ́ọ̀lù láti ẹnu ilé, tí bọ́ọ̀lù náà kò jáde kúrò nínú ìlà ńlá tí ó wà níwájú ilé, wọn yóò tún un gbá ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ti yí padà láti 2019: bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ aṣọ́lé, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ tí a bá ilé-ìwé kan láti Òkè-Ìlá pàdé, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yìn wa gba bọ́ọ̀lù nínú ìlà náà, ó dúró, ó ń retí fèrè rẹfirí. Ọmọ kan já a gbà, ó gbá a wọlé. Góòlù kan ṣoṣo tí a rí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọmọ ìyá onígààrí ni ó dúró yẹn, ó sì sunkún délé. Lọ́jọ́ kejì ìyá rẹ̀ wá bá mi: “Tíṣà, ẹ kúu wàhálà o. Ọmọ mi ní ohun tí ẹ kọ́ òun lòun ṣe.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò lè sùn.

Nítorí náà, ọdún tí wọ́n tẹ ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wo ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ní ti ìwé òfin bọ́ọ̀lù, òfin 17 náà, ẹ má fi kọ́bọ̀ rà á. IFAB, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin náà láti 1886, ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti 2025 fi kún un pé bí aṣọ́lé bá di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ, kọ́nà ni fún àwọn alátakò.

Ẹ wo ọjọ́ orí ọmọ pẹ̀lú. Ìwé mi yẹn ní kí ọmọ kékeré máa fi orí kan bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀, láti 2015 ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ fún ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì dá a dúró ní 2020 nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí ọpọlọ wọn.

Àwọn kan ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun ìwé. Wọ́n gbàgbé Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, tí ó kó Nàìjíríà dé ipò kejì nínú ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1984, tí ó sì ṣe olùkọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fún FIFA.

Fídíò ni ó ń tan ènìyàn jù. Ẹ ó rí ọmọ 10 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 20 lórí koríko tí ó tẹ́ bí ẹní. Bọ́ọ̀lù 3 ni àwa ní fún ọmọ 30, ọ̀kan sì ń jò! Bí mo bá ti rí i pé ọmọ tí ó wà lórí ìlà tí ń dúró pọ̀ ju èyí tí ń sáré lọ, mo ti pa fídíò náà nìyẹn. Èyí tí mo fara mọ́ ni ìmúra tí àwọn oníṣègùn FIFA ṣe, tí wọ́n ń pè ní 11+. Ìṣẹ́jú 20 ni, kò gba ohun èlò púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọbìnrin ní Norway, àwọn tí wọ́n ń ṣe é kò fara pa tó àwọn tí kò ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Kí tíṣà kan gbà á sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ó sì pín in fún àwọn yòókù.

Owó ìwé yẹn, mo dá a padà láti inú owó oṣù mi, a sì fi ra bọ́ọ̀lù 2. Ọmọ ìyá onígààrí ni ó ń gbé wọn lọ sí pápá.