Àpá Tí Kò Mọ Ìfọwọ́kàn
Ní Mushin àti Yaba, bí àpá tí ó ràn ju ara lọ bá yọ sí ènìyàn lára, ìpara làpálàpá ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Làpálàpá a máa yún ni. Ṣùgbọ́n ibi tí àpá ẹ̀tẹ̀ bá wà, ara ibẹ̀ a máa kú. Kí onítọ̀hún dijú, kí a fi òwú kan ibẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára, kí ó tọ ilé ìwòsàn ìjọba lọ. Láti 1995 ni oògùn ẹ̀tẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ káàkiri ayé. Oṣù 6 tàbí 12 ni a fi ń lò ó, ó sì ń wò ó sàn. Ọwọ́ tí kò mọ iná mọ́, iná ni yóò jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti ìtorí ìtìjú fi àpá pamọ́, ìka ara rẹ̀ ni ó fi ń ta.