Ìyókù Owó Ìpolongo Ìbò: Àpò Ta Ló Ń Wọ̀?

Ehoro ọ̀sìn kan wọ bàálù ní Amẹ́ríkà, owó tí àwọn alátìlẹ́yìn dá fún ìpolongo ìbò ni wọ́n sì fi san owó ọkọ̀ rẹ̀. Duncan Hunter, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ California, ló ni ehoro ọ̀hún. Nǹkan bíi $600 ni owó náà, ọ̀gbẹ́ni yìí sì ní àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba fi kàn án lọ́dún 2018 gùn ju etí ehoro lọ: ìsinmi ẹbí ní Ítálì wà níbẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Lóṣù Kejìlá 2019, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù mọ́kànlá fún un. Kò tíì fẹsẹ̀ kan ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Ààrẹ Trump fi forí jì í níparí ọdún 2020.

Ti Jesse Jackson Jr., aṣòfin láti Chicago, kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi $750,000 ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ná nínú owó ìpolongo. Wọ́n fi ra aago Rolex kan tó jẹ́ $43,350, wọ́n fi ra fìlà tí Michael Jackson dé rí, wọ́n tún fi ra orí ẹranko ìgbẹ́ tí wọ́n kì fún ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ rán ọkọ lẹ́wọ̀n ọgbọ̀n oṣù, wọ́n rán ìyàwó ní oṣù méjìlá.

Ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ tẹ àwọn wọ̀nyí ni pé òfin ibẹ̀ sọ ọ́ ní kedere pé owó ìpolongo kì í ṣe owó ara ẹni, ìbáà jẹ́ kí ìbò tó wáyé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Aṣòfin tó ti wà nílé ìgbìmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ìyókù rẹ̀ lọ sílé tó bá fẹ̀yìn tì. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1989 ló fòpin sí i, tòun ti gbèdéke: ẹni tó bá lọ kí ilé ìgbìmọ̀ ọdún 1993 tó wọlé lè kó tirẹ̀, ẹni tó bá dúró ti pàdánù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aṣòfin ló sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 1992, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe owó nìkan ló lé wọn.

Lónìí, wọ́n lè dá ìyókù padà fún àwọn tó dá a, wọ́n lè fún ilé iṣẹ́ àánú tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ de ìbò mìíràn. Ti ìkẹyìn yìí ni ihò tó kù. Evan Bayh kúrò nílé ìgbìmọ̀ àgbà lọ́dún 2011 pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là nílẹ̀. Lọ́dún 2016 ló tún gbé e jáde láti díje. Wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ gbolẹ̀.

Nàìjíríà ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ kan péré lóṣù Kejìlá 2014, àwọn olówó pé jọ ní Abuja láti dá owó fún ẹgbẹ́ PDP, kí Ààrẹ Goodluck Jonathan lè padà sípò. Kí wọ́n tó tú ká, owó tí wọ́n kéde ti di ₦21.27 bílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀, bílíọ̀nù kan náírà ni òfin ìdìbò 2010 gbà kí olùdíje sípò ààrẹ ná mọ. Ariwo ta. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kì í ṣe ti Jonathan nìkan, pé owó ilé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wà nínú rẹ̀. Jonathan fìdí rẹmi lóṣù Kẹta 2015. Kò pẹ́ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ oríkò ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wọ́n gé owó oṣù àwọn sí ìdajì. Ilé gàgàrà tí wọ́n ń sọ yẹn sì wà lórí ìdúró láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin ìdìbò 2022 gbé iye tí olùdíje sípò ààrẹ lè ná nígbà náà lọ sí bílíọ̀nù márùn-ún náírà, ti gómìnà sí bílíọ̀nù kan. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn tó dáwó àti iye tí wọ́n dá ránṣẹ́ sí INEC, àjọ elétò ìdìbò, láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ná láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni bá yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní ti rí ìyókù. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún kò sọ ibi tí ìyókù yẹn yóò gbà. Owó tó sì gba ọwọ́ olùdíje fúnra rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà dé inú ìwé kankan.

Olóṣèlú tó bá ka ibí yìí á rẹ́rìn-ín. Á ní owó kì í ṣẹ́kù nílẹ̀ yìí, gbèsè ló ń ṣẹ́kù. Ó lè jóòótọ́: owó àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á kúrò ní ìpínlẹ̀, á dé ìjọba ìbílẹ̀, á dé wọ́ọ̀dù, gbogbo ọwọ́ tó bá gbà á ló ń bù ú jẹ, tí ẹni tó jókòó ti àpótí ìbò láti àárọ̀ á fi gba owó ọkọ̀ lásán. Àwọn tó bù ú jẹ yẹn gan-an ni ìyókù wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá sì jẹ́ gbèsè ló kù, ó yẹ kí ará ìlú mọ ẹni tí gómìnà tuntun jẹ lówó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ kọngílá.

Ohun tó yẹ ká ṣe nìyí: kí olùdíje kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì kan ṣoṣo fún ìpolongo, kó sì tì í pa láàárín oṣù mẹ́fà. Kí ìyókù padà sọ́dọ̀ àwọn tó dá owó ńlá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dá a sí. Kí owó tíntìnnì tí kò ṣeé dá padà lọ sápò ẹgbẹ́, níbi tí INEC ti láṣẹ láti yẹ̀wé wò. Iṣẹ́ àánú ńkọ́? Rárá o. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti àpò ìrẹsì tí àwòrán ọ̀gá wà lára rẹ̀, ìpolongo ìbò tó ń bọ̀ ni.

A kò tilẹ̀ ní láti dúró de òfin tuntun kí a tó bẹ̀rẹ̀. Tí INEC bá gbé ìwé oṣù mẹ́ta àti ìwé oṣù mẹ́fà ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìkànnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn ìbò 2027, àwọn oníròyìn á ṣe ìyọkúrò náà fúnra wọn.