Awakọ̀ tí Àyà Rẹ̀ Ń Lù Ségesège



Bí awakọ̀ bá sọ ní Ọjà Ọba níhìn-ín pé àyà òun ń lù kìkì, wọn a ní kí ó lọ sùn, tàbí kí ó ra àgbo, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Lóòótọ́, àárẹ̀ lè mú àyà lù. Ṣùgbọ́n àyà tí ó ń sáré, tí ó ń fo, tí kò lù dọ́gba, tí èémí sì ń kúrú bí a bá gun òkè, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.

Ibi tí ó ti ń wá lè jìnnà. Ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú lọ́mọdé lè di ibà tí ń mú oríkèé ara wú. Oríkèé a san, ṣùgbọ́n ibà náà lè ba ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn jẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìlẹ̀kùn náà a le, a fún. Ẹ̀jẹ̀ a kún ẹ̀yìn rẹ̀, yàrá ọkàn a fẹ̀, a wá máa gbọ̀n dípò kí ó ti ẹ̀jẹ̀ síwájú. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa a dì. Bí èyí tí ó dì bá dé ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ẹ rò ó wò, kí ó ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú èrò 14!

Oògùn wà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 24 lára ènìyàn tí ó lé ní 4,500, fi hàn pé oògùn àtijọ́ bíi warfarin dára fún irú aláìsàn yìí ju rivaroxaban tí ó jẹ́ tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lo warfarin gbọ́dọ̀ máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé, kò sì gbọdọ̀ fi àgbo tàbí oògùn ara ríro inú ọjà là á láìbi dókítà. Ní ti iṣẹ́ abẹ, láti 1974 ni wọ́n ti ń ṣí ọkàn ní Enugu. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí tálákà súnmọ́ ọn.

Kí ló dé tí awakọ̀ fi ń fi í pamọ́? Ẹ̀rù ń bà á pé ọlọ́kọ̀ yóò gba kọ́kọ́rọ́. Èmi kò dá a lẹ́bi. Òfin 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Èwo ni ti ọ̀gá tí kò tíì san kọ́bọ̀? Mo fẹ́ kí alága gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka: kí àwọn ọ̀gá san owó àyẹ̀wò ọkàn lọ́dọọdún ní ilé ìwòsàn ńlá Adó tàbí Ìdó, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tí dókítà bá ní kí ó sinmi yóò bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ó bá padà.